Ìtọ́jú Ìbọn àti Ohun Èlò Ọdẹ Ẹyẹ Odò ní Ìgbà Òjò
Ọ̀rọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ oníkòkó

 

Ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá ti gba ọ̀nà Ìkòròdú kọjá ní ẹ̀bá Mile 12 yóò mọ Owódé Onírin. Ibẹ̀ ni irin gbé pọ̀: irin ọkọ̀, irin ìkọ́lé, páìpù, àti oríṣiríṣi ẹ̀yà ẹ̀rọ tí a ti lò rí. Bí ẹ bá dúró díẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gidigidi, ẹ ó rí irin méjì tí ó jọ pé inú ọkọ̀ kan náà ni a ti tú wọn jáde. Ọ̀kan wà lábẹ́ àtíbàbà, a ti fi gíríìsì pa á lára, ó sì ń dán. Èkejì wà ní gbangba lórí ilẹ̀, ìpẹtà ti bò ó, ó sì ti pọ́n bí amọ̀. Kò sí ẹni tí ó nílò kí a sọ fún un èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ jù. Irin kan náà ni wọ́n. Ìtọ́jú ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Mo fi èyí bẹ̀rẹ̀ nítorí pé irin ni ìbọn pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú yín ni ó jẹ́ pé, nígbà tí a bá ti ká ọ̀pọ̀ kòkó, tí a ti sá a, tí a sì ti tà á, ẹ máa ń mú ìbọn lọ sí etí àbàtà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn láti wá ẹyẹ odò fún ọbẹ̀. Nígbà tí òjò bá padà dé ní oṣù kẹrin, ọkàn yín a tún padà sí oko. A ó gbé ìbọn náà sí igun ilé, a ó sì gbàgbé rẹ̀ títí di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí àwọn oṣù tí a fi gbàgbé rẹ̀ yìí, nítorí pé àwọn ni oṣù tí ó lọ́rinrin jù nínú ọdún. Ìbọn tí ó dára ní oṣù kẹta lè di ohun tí yóò fọ́ mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́ ní oṣù kejìlá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án láàárín wọn.

Ìdí tí a fi ń sinmi ọdẹ ní ìgbà òjò

Ìgbà òjò ni ọ̀pọ̀ ẹyẹ odò ilẹ̀ wa ń yé, tí wọ́n sì ń pa ọmọ. Pẹ́pẹ́yẹ igbó olójú funfun, èyí tí ń súfèé bí ó bá ń fò lálẹ́, wà nínú wọn. Ẹni tí ó bá pa ìyá ní oṣù keje ti pa gbogbo ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú. Ó dà bí ẹni tí ó já òdòdó kòkó tí ó sì ń retí èso. Nàìjíríà ti wọ inú àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà fún ààbò àwọn ẹyẹ odò tí ń ṣí kiri láàárín Áfíríkà àti Yúróòpù láti ọdún 2004. Nítorí náà kí a tó tún jáde ní ẹ̀ẹ̀rùn, ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń ṣọ́ igbó, kí a lè mọ ẹyẹ tí òfin gbà láàyè àti èyí tí kò gbà. Ìlú sì ti gba púpọ̀ nínú àbàtà tí ó wà ní agbègbè Owódé Onírin. Ibi tí ilé àti ọ̀nà bá wà kì í ṣe ibi ìyìnbọn mọ́.

Bí ẹ bá ti dẹ okùn tàbí wáyà sí etí odò, ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò kí òjò tó dé. Ẹ ka iye tí ẹ dẹ, kí ẹ sì ka iye tí ẹ kó. Okùn tí a gbàgbé sínú koríko kò mọ̀ pé ọdẹ ti parí. Yóò máa mú ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ.

Èkíní: ẹ mọ̀ dájú pé ìbọn ṣófo

Àwọn baba wa ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò gbà kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ìbọn tí a lè fi ṣeré, ìbáà ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni a ń gbé ìbọn tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀ pamọ́, nítorí pé ọdẹ kì í ti ìjáde rẹ̀ ìkẹyìn yìnbọn, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ nígbà tí ó délé. Ọmọdé ni yóò rí i.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ rọrùn. Ẹ má ṣe fi ojú wo ẹnu ìbọn. Ẹ mú ọ̀pá tí ẹ fi ń ki ẹ̀tù, kí ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì rọra tì í wọ inú ìbọn títí yóò fi dúró. Ẹ fi èédú sàmì sí i lára níbi tí ẹnu ìbọn dé. Lẹ́yìn náà ẹ yọ ọ̀pá náà, kí ẹ gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ìbọn láti òde, kí àmì náà wà ní déédé ẹnu ìbọn. Bí orí ọ̀pá bá dé ihò tí iná ń gbà wọlé, ìbọn ṣófo. Bí kò bá dé ibẹ̀, nǹkan wà nínú rẹ̀.

Bí nǹkan bá wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣe fi iná yọ ọ́, ẹ má sì ṣe fi irin gbígbóná gún un. Ẹ da omi sínú ìbọn náà kí ó kún, kí ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ̀tù tí omi ti wọ̀ kò lè gbaná bí ó ti wà nínú omi. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e fún ọdẹ àgbà tí ó mọ̀ ọ́n kí ó fà á jáde. Ẹni tí ń lo ìbọn oní-kátíríìjì, kí ó ṣí i, kí ó yọ kátíríìjì, kí ó sì fi ìka kan ibi tí ó ti yọ ọ́ kí ó tó gbà pé ó ṣófo.

Èkejì: omi gbígbóná ṣáájú epo

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n gbà pé omi ni ọ̀tá irin, nítorí náà wọn kì í jẹ́ kí omi kan ìbọn. Epo nìkan ni wọ́n ń fi pa á. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọ́n a rí i pé inú rẹ̀ ti dípẹtà lábẹ́ epo náà, ẹnu a sì yà wọ́n.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nínú ìwọ̀n ẹ̀tù dúdú 100, nǹkan bí 75 jẹ́ irú iyọ̀ kan, 15 jẹ́ èédú, 10 sì jẹ́ imí ọjọ́. Nígbà tí a bá yìn ín, kì í jó tán pátápátá. Eérú rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ inú ìbọn, iyọ̀ sì wà nínú eérú náà. Gbogbo yín ni ẹ mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe nínú àwo ní ìgbà òjò: ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ títí yóò fi rin. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni eérú ẹ̀tù ń fa omi sí ara irin lọ́sàn-án àti lóru. Epo kì í yọ́ iyọ̀. Yóò kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. Omi ni í yọ́ iyọ̀.

Nítorí náà, ẹ se omi títí yóò fi hó. Bí ọ̀pá irin ìbọn bá ṣeé yọ kúrò lára igi rẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí omi má ba igi jẹ́. Ẹ da omi gbígbóná náà gba ẹnu ìbọn wọlé, kí ó máa gba ihò iná jáde. Ẹ fi aṣọ wé ọwọ́ yín, nítorí irin náà yóò gbóná. Ẹ ki aṣọ mọ́ orí ọ̀pá, kí ẹ máa fi nu inú rẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi àti aṣọ títí aṣọ yóò fi jáde ní funfun. Omi gbígbóná ní èrè méjì: ó yára yọ́ iyọ̀, ó sì ń mú irin gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: gbígbẹ

Nínú iṣẹ́ yìí ẹ̀yin ni olùkọ́. Ta ni kò mọ̀ nínú yín pé kòkó tí kò gbẹ dáadáa kò ṣeé dì sínú àpò? Òde rẹ̀ lè dún ṣàkàṣàkà, ṣùgbọ́n bí omi inú rẹ̀ bá ju bí 7 tàbí 8 lọ nínú 100, yóò hu ewú nínú àpò, iṣẹ́ ọdún kan a sì di ẹ̀gàn lójú oníṣòwò. Ìbọn rí bẹ́ẹ̀. Ìbọn tí a fi epo pa nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù dà bí kòkó tútù tí a rán ẹnu àpò rẹ̀ pa.

Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu inú rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ gbé e sínú oòrùn, kí ẹ dorí ẹnu rẹ̀ kodò, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi gbẹ. Bí òjò bá ti gba ojú ọjọ́, ẹ gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà, ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí iná ìdáná.

Ẹ̀kẹrin: epo tí ó yẹ

Nígbà tí ó bá gbẹ tán ni epo kàn. Epo ẹ̀rọ tuntun ni ó dára jù. Ẹ fi aṣọ fa díẹ̀ sí inú àti sí òde, kí ẹ sì kán díẹ̀ sí apátí àti ìdè rẹ̀. Epo dúdú tí a tú kúrò nínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kò yẹ, bí wọ́n tilẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí omi àti ohun kíkan tí ń jẹ irin ti wà nínú rẹ̀. Àdín àti epo pupa kò dára fún oṣù púpọ̀. Bí wọ́n bá pẹ́, wọ́n a kan, wọ́n a sì máa jẹ irin. Ẹ fi ìda oyin díẹ̀ pa igi ìbọn, kí ó má baà fa omi.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á lépo, ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán gbá irin rẹ̀ mú mọ́. Iyọ̀ wà nínú òógùn àtẹ́lẹwọ́ pẹ̀lú.

Ẹ̀karùn-ún: ibi tí a ó fi í sí

Ẹ dorí ẹnu ìbọn kodò, kí epo má baà ṣàn wọ inú igi. Ẹ má ṣe fi aṣọ di ẹnu rẹ̀. Aṣọ ń fa omi mọ́ra, ẹni tí ó bá sì gbàgbé rẹ̀ níbẹ̀ tí ó yìnbọn yóò rí ohun tí kò fẹ́ rí. Ẹ má ṣe fi í sínú àpò awọ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ má ṣe fi í sórí àjà ìdáná, nítorí pé èéfín igi ní ohun kíkan nínú.

Ibi mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ sá fún jù lọ. Ìkíní ni ibi tí òògùn kòkó wà. Nínú àwọn oṣù òjò wọ̀nyí gan-an ni a ń fín òògùn sí àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú. Òògùn aláwọ̀ aró tí a fi bàbà ṣe, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní copper sulphate, wà lára ohun tí a ń pò. Bí ẹ bá ti ju ìṣó sínú omi rẹ̀ rí, ẹ ti rí i pé bàbà bo ìṣó náà lójú ẹsẹ̀, tí irin rẹ̀ sì ń tán lọ. Ìbọn tí ó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ irú òògùn bẹ́ẹ̀, tàbí ẹ̀gbẹ́ àpò ajílẹ̀, wà ní ẹnu ọ̀tá.

Ìkejì ni yàrá kòkó. Kòkó gbígbẹ ń fa òórùn mọ́ra, epo ẹ̀rọ àti kẹrosíìnì a sì bà á jẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń rà á. Bí ẹ̀tù bá tún wà níbẹ̀, ọ̀pá ìṣáná kan ṣoṣo tó láti pa owó ọdún kan run.

Ìkẹta ni ilẹ̀ẹ́lẹ̀, pàápàá fún ẹni tí ó ní ilé sí etí odò. Lẹ́yìn tí òjò bá ti ń dínkù lójú wa ni Odò Ògùn ń kún jù, ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. A parí ìsédò Ọ̀yán ní ọdún 1983, nígbà tí a bá sì tú omi rẹ̀ sílẹ̀, ìsàlẹ̀ odò ni omi náà ń bọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi wọ ilé àwọn ènìyàn ní Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú, ní Owódé Onírin, àti ní àwọn àdúgbò etí odò mìíràn. Ẹ gbé ohun èlò yín ga ju ibi tí omi dé rí lọ.

Níbikíbi tí ẹ bá fi í sí, kí ó wà nínú àpótí tàbí yàrá tí ó ní kọ́kọ́rọ́, kí kọ́kọ́rọ́ náà sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹfà: ẹ̀tù àti ọta

Ẹ̀tù àti ìbọn kò gbọdọ̀ sùn sínú yàrá kan náà. Ẹ fi ẹ̀tù sínú ohun tí ó dé dáadáa, tí ó sì gbẹ, kí ó jìnnà sí iná, sí àtùpà, àti sí ọwọ́ ọmọdé. Ẹ̀tù tí ó bá ti rin, ẹ má ṣe yan án lórí iná, ẹ má sì ṣe sá a sí àgbàlá. Ẹ bu omi pò ó, kí ẹ sin ín. Owó rẹ̀ kò tó ojú ẹni.

Ọta òjé ní ewu tirẹ̀. Ẹyẹ odò máa ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì láti fi lọ oúnjẹ nínú iwe rẹ̀; bí ó bá gbé ọta òjé mì, májèlé ni ó gbé mì. Òjé kò mọ ẹyẹ yàtọ̀ sí ènìyàn. Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, níbi tí a ti ń fọ́ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ ní àgbàlá ilé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọdé ni eruku òjé pa. Nítorí náà ẹ má ṣe yọ́ òjé nínú ìkòkò ọbẹ̀, ẹ má ṣe kó o sínú agolo tí ọmọ lè rí, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó jẹun.

Ẹ̀keje: àwọn ohun èlò yòókù

Ẹ yọ bátìrì kúrò nínú tọ́ọ̀ṣì. Omi rẹ̀ a máa jò, a sì jẹ irin inú rẹ̀ tán. Ẹni tí ń lo àtùpà kábáìdì, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ ẹ́, kí ó sì dé kábáìdì sínú agolo tí omi kò lè wọ̀, nítorí pé bí omi bá kàn án, ohun tí ń jáde lára rẹ̀ ń gbaná kíákíá.

Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ àwọ̀n, kí ẹ sá a sí abẹ́ òjìji, kí ẹ sì fi okùn so ó rọ̀ kí eku má baà dé ibẹ̀. Oòrùn ń sọ àwọ̀n náílọ́ọ̀nù di aláìlágbára, òórùn ẹja sì ń pe eku. Ẹ dojú ọkọ̀ àjẹ̀ dé lórí igi méjì lábẹ́ òjìji, kí ikán má baà rí i jẹ, kí oòrùn má sì là á. Bàtà rọ́bà, ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀ kí ẹ sì gbé e kúrò nínú oòrùn.

Ẹ̀kẹjọ: òfin

Òfin ìbọn ti ọdún 1959 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní ìbọn lọ́wọ́ láìní ìwé àṣẹ, ìbáà jẹ́ ṣakabùlà. Òfin kan náà ni kò gba ẹni tí kò ní àṣẹ láàyè láti rọ ìbọn. Nítorí náà ẹ má ṣe ra páìpù láti ọjà irin kí ẹ sọ pé kí alágbẹ̀dẹ fi ṣe ọ̀pá ìbọn tuntun. Omi ni a ṣe páìpù fún. Kò mọ agbára ẹ̀tù. Ìgbà tí ìbọn wà nílé yìí ni ó dára láti wo ìwé àṣẹ bóyá ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ìwé àṣẹ baba kì í ṣe ti ọmọ: bí olówó ìbọn bá kú, kí àwọn ará ilé lọ sọ fún ọlọ́pàá.

Ẹ̀kẹsàn-án: àyẹ̀wò ní oṣù kẹjọ

Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ẹ gbé ìbọn jáde. Ẹ fi aṣọ funfun nu inú rẹ̀. Bí aṣọ bá jáde pẹ̀lú epo nìkan, ẹ tún fi epo díẹ̀ sí i, kí ẹ dá a padà. Bí aṣọ bá pọ́n, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí omi gbígbóná. Ṣùgbọ́n bí ìpẹtà bá ti gbẹ́ ihò kéékèèké sára irin, tí ẹ lè fi èékánná mọ̀ ọ́n, epo kò lè tún un ṣe mọ́. Irin ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Agbára ẹ̀tù máa ń wá ibi tí ó fẹ́lẹ́ jù láti jáde, ibẹ̀ sì sábà máa ń wà nítòsí ojú àti ọwọ́ ẹni tí ó yìn ín. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní yíyìn mọ́, ìbáà jẹ́ ogún baba. Ẹ kó o lọ fún ọlọ́pàá. Ẹ má ṣe tà á fún ẹlòmíràn, nítorí ojú ẹlòmíràn náà ojú ni.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹ nu gbogbo epo inú rẹ̀ kúrò kí ẹ tó ki ẹ̀tù, kí ẹ sì tún fi ọ̀pá wọn ọ́n bí ti ìṣáájú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ gbé e pamọ́.

Ìparí

Ẹ̀yin ará, àgbẹ̀ tí ó pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè la èso kòkó bí ti tẹ́lẹ̀, kò sì lè gun àkàbà. Wákàtí méjì ní oṣù kẹrin, àti ìdajì wákàtí ní oṣù kẹjọ, ni gbogbo ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ ń fi ọjọ́ púpọ̀ sá kòkó nítorí pé ẹ mọ iye tí ó jẹ́. Ẹ fi díẹ̀ nínú sùúrù náà fún irin tí ẹ ń gbé sún mọ́ ojú yín.

Ẹ tú u kí ó ṣófo. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ fi epo tuntun pa á. Ẹ tì í mọ́ ibi gíga tí ó gbẹ.

Kí oko yín so, kí ilé yín tùbà tùṣẹ. Ire o.